Kí Ni Wọ́n Ń Jẹ Lábẹ́ Òkè Náà?

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan wà tó ń kàwé ní Ìbàdàn. Ọ̀sán Sátidé kì í kọjá kí òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́rin má pé jọ sí pálọ̀ mi láti ta ayò kan tí kò ní ọpọ́n. Ọ̀kan nínú wọn ni yóò máa sọ ìtàn. Àwọn yòókù yóò di ọdẹ, jagunjagun, alágbẹ̀dẹ tàbí oníṣègùn inú ìtàn náà, níbi tí kò bá sì ti dájú bóyá ohun tí ẹnì kan fẹ́ ṣe yóò bọ́ sí i, wọn yóò ju dáìsì olójú ogún sórí tábìlì, ohun tí dáìsì bá sì sọ ni abẹ gé. Ariwo wọn pọ̀, ṣùgbọ́n wọn kì í mutí, wọn kì í sì í pẹ́ kọjá agogo méje alẹ́, ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń gbé ẹ̀pà àti gúgúrú síwájú wọn tọkàntọkàn.

Ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, ọmọ náà wá bá mi ní ilé ìdáná pẹ̀lú ìwé àjákọ kan lọ́wọ́. Ó ní, “Àǹtí, ẹ̀yin tí ẹ ti ṣiṣẹ́ ìjọba, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa ṣe òfin fún ìlú kan. Àwọn aràrá ló ń gbé ibẹ̀. Abẹ́ òkè ni wọ́n wà, wúrà àti irin ni wọ́n ń wà. Abẹ́-Àpáta ni a sọ ibẹ̀.” Mo ní ìyẹn kì í ṣe ìlú tuntun, Abẹ́òkúta ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní Abẹ́òkúta kò ní ọba tí irùngbọ̀n rẹ̀ gùn dé orúnkún. Mo gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọdún 21 ni mo fi ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka ìṣirò owó ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ kan tí n kò ní dárúkọ, nítorí náà mo rò pé iṣẹ́ kékeré ni èyí. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, mo ti kọ ojú ewé mẹ́rin: bí wọ́n ṣe ń jọba, iye ìjòyè, ọjọ́ tí ìgbìmọ̀ ń jókòó, iye ẹ̀ṣọ́ tó wà lẹ́nubodè, owó orí, ìyà tó tọ́ sí ẹni tó bá jí wúrà. Mo tẹ̀ ẹ́ dáadáa, mo sì dè é pọ̀ bí ẹni tó fẹ́ gbé e lọ fún alága. Ọmọ náà kà á tán, ó dúpẹ́, lẹ́yìn náà ni ó tún ṣí i padà sí ojú ewé kìíní. “Àǹtí, ó dára gan-an. Ṣùgbọ́n kí ni wọ́n ń jẹ?”

N kò ní èsì. Inú òkè ni wọ́n wà. Oòrùn kì í débẹ̀, iṣu kì í sì í ta nínú òkùnkùn. Mo ti fi ọba, ìjòyè, adájọ́ àti ọgọ́ta ẹ̀ṣọ́ sínú àpáta kan, n kò sì fi àgbàdo kan ṣoṣo tì wọ́n. Ohun tó tilẹ̀ dùn mí jù nínú ìbéèrè náà ni pé mo mọ irú ìjọba tí mo kọ sílẹ̀ yẹn, nítorí mo ti ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀ rí. Ọdún kan wà tí a ná owó sórí ẹnubodè aláràbarà fún ọgbà ọ́fíìsì wa, pẹ̀lú ère kìnnìún méjì lọ́tùn-ún àti lósì, nígbà tí ẹ̀rọ tó ń fa omi kànga wa ti bàjẹ́ fún oṣù méje, tó sì jẹ́ pé kẹ́ẹ̀gì ni a fi ń pọnmi gba àárín àwọn kìnnìún náà wọlé. Èmi fúnra mi wà lára àwọn tó fọwọ́ sí ìwé owó ẹnubodè. Kò sí irọ́ nínú ìṣirò náà, gbogbo rẹ̀ ló bára mu. Omi nìkan ni kò sí.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń ka ohunkóhun tí ọwọ́ mi bá bà nípa ìjọba àwọn aràrá abẹ́ òkè, ìbéèrè ọmọ náà ni mo sì ń gbé kiri inú wọn bí àtùpà. Kí n tó lọ jìnnà, ọ̀rọ̀ kan wà nípa orúkọ. Lọ́dọ̀ wa, aràrá kì í ṣe ẹ̀yà kan tó ń gbé inú ihò. Ọmọ ẹni ni, ẹni òrìṣà sì ni. Ọbàtálá ló mọ ọ́n bẹ́ẹ̀, bó ṣe mọ àfín àti abuké, a kì í sì í fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn aràrá tí mo ń sọ yìí yàtọ̀: ìran ọ̀tọ̀ ni wọ́n nínú ìtàn àwọn ará àríwá Yúróòpù, wọ́n ní èdè tiwọn, ọba tiwọn àti ìlú tiwọn. Ọ̀rọ̀ kan náà ni mo rí lò fún àwọn méjèèjì, ẹ má jẹ́ kó da yín rú.

Níbi tí ìran inú ìtàn yìí ti ṣẹ̀ wá, kò tilẹ̀ sí ìjọba. Nínú ewì kan tí àwọn ará Iceland kọ sílẹ̀ ní ayé àtijọ́, tí wọ́n ń pè ní Völuspá, orúkọ lórí orúkọ ni wọ́n, bí ìgbà tí arọ́kin bá ń to àwọn ọba: Durin, Dvalin, Thorin, títí kan Gandalf. Alágbẹ̀dẹ ni wọ́n, ọwọ́ wọn ni òòlù Thor, òrìṣà ààrá, ti jáde. Ewì náà mẹ́nu ba gbọ̀ngàn wúrà kan tó jẹ́ ti ìran Sindri, ó sì kọjá lọ. Kò sí owó orí, kò sí ọjà, kò sí ẹni tó ń dáná. J. R. R. Tolkien, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Oxford tí wọ́n bí sí Bloemfontein ní gúúsù Áfíríkà ní 1892, ló kó àwọn orúkọ yẹn kúrò nínú ewì, tó sì kọ́ ìlú fún wọn nínú The Hobbit, tó jáde ní 1937, àti nínú àwọn ìwé tó tẹ̀ lé e. Ìlú tirẹ̀ yìí ni mo ti rí ohun tí mo ń wá.

Baba ńlá méje ni àwọn aràrá Tolkien ní, ìdílé méje sì ni wọ́n. Durin ni àgbà gbogbo wọn, Khazad-dûm, ìlú rẹ̀ lábẹ́ òkè, ló sì lókìkí jù. Ọmọ ló ń jọba lẹ́yìn baba, wọ́n sì gbà gbọ́ pé Durin fúnra rẹ̀ máa ń padà wá sáyé láàárín àrọ́mọdọ́mọ rẹ̀, tí wọn yóò sì tún sọ ọmọ náà ní Durin. Ẹni tó bá ti jẹ́ Babátúndé kò nílò kí a ṣàlàyé ìyẹn fún un. Ṣùgbọ́n àgbà ni ìdílé Durin jẹ́ fún àwọn yòókù, kì í ṣe olúwa wọn. Nígbà tí àwọn ọ̀tá tó ti gba Khazad-dûm pa Thrór, àrólé Durin, tí wọ́n sì gé orí rẹ̀, ọmọ rẹ̀ Thráin ránṣẹ́ sí gbogbo ìdílé, gbogbo wọn sì dìde. Ọdún mẹ́fà ni wọ́n fi ja ogun náà, iwájú ẹnu ọ̀nà Khazad-dûm ló sì parí sí. Thráin, tí ojú rẹ̀ kan ti fọ́ lójú ogun, ní kí wọ́n wọlé lọ gba ìlú náà padà. Àwọn ìdílé yòókù dá a lóhùn pé ilé baba tirẹ̀ ni, kì í ṣe ti àwọn. Ẹ̀san ni àwọn wá gbà, àwọn sì ti gbà á. Wọ́n palẹ̀ ẹrù wọn mọ́, wọ́n gba ilé wọn lọ.

Mo ka ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Bí àwọn Ẹ̀gbá ṣe rí nìyẹn nígbà tí wọ́n sá dé abẹ́ Olúmọ ní 1830: ìlú lórí ìlú nínú ìlú kan, kálukú pẹ̀lú ìjòyè àti Ògbóni tirẹ̀, tí Ṣódẹkẹ́ jẹ́ aṣíwájú wọn láì jẹ́ ọba lórí gbogbo wọn. Ó di 1854 kí wọ́n tó fi Okùkẹ́nù jẹ Aláké àkọ́kọ́ ní Abẹ́òkúta. Òótọ́ tó wà nínú àwàdà tí mo fi ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ṣe ní ilé ìdáná tóbi ju bí mo ṣe rò lọ.

Ní ti àṣà wọn, ọ̀rọ̀ orúkọ ló yà mí lẹ́nu jù. Àwa a máa ki ènìyàn ní gbangba títí orí rẹ̀ yóò fi wú. Aràrá Tolkien ní orúkọ ìkọ̀kọ̀ ní èdè tirẹ̀, tí kò ní sọ fún àlejò láéláé, tí wọn kì í sì í fín sára òkúta ibojì rẹ̀ pàápàá. Orúkọ tí ayé fi ń pè é, ti ìta ni, bí aṣọ ọjà tí a ń bọ́ sílẹ̀ bí a bá délé. Obìnrin wọn kò ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ, wọn kì í sábà jáde, bí wọ́n bá sì jáde, àlejò kò lè mọ̀ wọ́n yàtọ̀ sí ọkùnrin. Nínú gbogbo ìtàn ìdílé Durin, obìnrin kan ṣoṣo ni a gbọ́ orúkọ rẹ̀, Dís, ìyẹn náà nítorí pé ó jẹ́ ìyá Fili àti Kili, àti àbúrò Thorin, ọmọ Thráin, tó kó àwọn aràrá méjìlá lọ gba òkè baba rẹ̀ padà lọ́wọ́ dírágónì nínú The Hobbit. Èyí kò tẹ́ mi lọ́rùn. Ìlú tí kò ní Ìyálóde, ta ló ń báni ná ọjà níbẹ̀?

Inú òkúta ni wọ́n ń sin òkú sí, wọn kì í sin ín sí erùpẹ̀. Lẹ́yìn ogun ẹnu ọ̀nà Khazad-dûm, òkú pọ̀ ju ohun tí wọ́n lè gbẹ́ ibojì fún lọ, wọ́n bá gé igi àfonífojì náà, wọ́n sì dáná sun wọ́n. Láti ìgbà náà lọ, bí aràrá kan bá sọ pé wọ́n sun baba òun, gbogbo ẹni tó gbọ́ ló mọ̀ pé ọmọ akin ló ń sọ̀rọ̀. Ìtàn àròsọ ni o, ṣùgbọ́n òkè tòótọ́ náà ní bó ṣe ń ṣe òkú tirẹ̀. Ní Falun, níbi tí wọ́n ti ń wa bàbà ní Sweden, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Fet-Mats wọ inú ilẹ̀ lọ ní 1677, kò sì jáde mọ́. Ní 1719, àwọn awakùsà bá òkú kan nínú omi abẹ́ ilẹ̀, ara rẹ̀ pé bí ẹni pé àná ló kú, nítorí iyọ̀ bàbà inú omi náà kò jẹ́ kó jẹrà. Kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n, àfi ìgbà tí arúgbó obìnrin kan dé, tó wò ó, tó ní àfẹ́sọ́nà òun nìyí. Ọdún 42 ti kọjá lórí obìnrin náà. Kò kọjá lórí ọkùnrin náà rárá.

Ẹ jẹ́ kí n padà sí oúnjẹ. Thorin fúnra rẹ̀ ló dáhùn ìbéèrè ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ní ìbẹ̀rẹ̀ The Hobbit, nígbà tó ń ròyìn bí ìlú wọn ní Erebor ṣe rí kí dírágónì tó kó o. Ó ní àwọn kò yọ ara àwọn lẹ́nu rárá láti gbin oúnjẹ tàbí láti wá a kiri. Àwọn baba tó wà ní ìlú ènìyàn nísàlẹ̀ òkè, ní Dale, ń fi ọmọ wọn ṣe ọmọ iṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn, wọ́n ń san owó ẹ̀kọ́ náà dáadáa, oúnjẹ ni wọ́n sì fi ń san èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Gbólóhùn méjì péré ni, ó sì ń fi í yangàn. Òǹkàwé mìíràn lè fo ibẹ̀ kọjá. Èmi, ojú ìwé ìṣirò owó ni mo fi wò ó: ìlú kan tí gbogbo oúnjẹ rẹ̀ ń ti ẹnubodè kan ṣoṣo wọlé, láti ọwọ́ aládùúgbò kan ṣoṣo, tí ohun tó sì fi ń pààrọ̀ rẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ ọnà tí aládùúgbò náà lè gbé láìní in. Ọjọ́ tí Dale bá bínú, ọjọ́ mélòó ló kù fún ọba?

Ìwé náà kà á fún wa lápá ìparí rẹ̀. Dírágónì ti kú, àwọn ará etí odò tó pa á ti di aláìnílé, òtútù sì ń bọ̀. Thorin àti àwọn méjìlá rẹ̀ wà nínú òkè pẹ̀lú òkìtì wúrà, wọ́n ti fi òkúta dí ẹnu ọ̀nà. Bard, ẹni tó pa dírágónì, ní kí wọ́n fún òun ní ìdá kan nínú 12. Thorin ta ọfà lu asà ońṣẹ́ náà. Èsì tó padà wá ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ìwé yẹn: wọ́n ní àwọn kò ní gbé ohun ìjà sí i, ẹnubodè nìkan ni àwọn yóò sé mọ́ ọn, kó máa jẹ wúrà rẹ̀ bó bá wù ú.

Ibẹ̀ ni mo ti rí àléébù ìjọba náà kedere. Nínú àwọn méjìlá tó wà pẹ̀lú Thorin, ó dà bí ẹni pé àwọn mẹ́ta ni ọkàn wọn kò sí níbẹ̀, Bombur, ọ̀sanra àárín wọn, àti Fili àti Kili, àwọn ọmọ àbúrò rẹ̀. Kò sì sí ọ̀kan tó lè la ẹnu. Aláàfin tó le bẹ́ẹ̀ yóò bá Ọ̀yọ́ Mèsì pàdé. Baṣọ̀run yóò gbé igbá wọlé tọ̀ ọ́ wá, òfìfo tàbí èyí tí ẹyin odídẹ wà nínú rẹ̀, ọba yóò sì mọ̀ pé ilẹ̀ ti ṣú. N kò sọ pé ohun rere ni láti ní kí ọba lọ kú. Ohun tí mo ń sọ ni pé ọ̀nà kan wà tí ìlú fi ń sọ pé ó tó, tí ọ̀nà náà sì ní orúkọ àti ẹni tó ń tọ̀ ọ́. Thorin kò ní irú ẹni bẹ́ẹ̀. Àlejò kékeré tó wà láàárín wọn ló ní láti yọ́ jáde lóru, nígbà tí Bombur ń ṣọ́nà, kó lọ gbé òkúta iyebíye tó jẹ́ ọkàn òkè náà fún àwọn ọ̀tá, kí wọ́n lè fi bá Thorin dúnàádúrà. Ìlú tó bá jẹ́ pé olè jíjà ni ọ̀nà kan ṣoṣo láti gba ọba nímọ̀ràn, ẹ jẹ́ kí n má sọ èyí tí mo mọ̀ tó jọ ọ́.

Dáin ìbátan Thorin wá ràn án lọ́wọ́ pẹ̀lú aràrá tó lé ní 500. Àwọn tó fẹ́ràn ìjà yóò máa wo àáké wọn. Èmi, ẹ̀yìn wọn ni mo wò: kálukú ru ẹrù oúnjẹ ńlá, ìdí nìyẹn sì ni Bard kò fi jẹ́ kí wọ́n kọjá, nítorí bí oúnjẹ náà bá wọlé, kò sí ohun tó ń jẹ́ ìsémọ́ mọ́.

Lẹ́yìn èyí ni mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í ka nípa àwọn tó gbé ayé wọn nínú òkè ní tòótọ́, nítorí ọ̀dọ̀ àwọn awakùsà ni ọ̀pọ̀ ohun tí a ń sọ nípa aràrá ti wá. Àwọn awakùsà Jámánì gbà pé iwin kékeré kan tó ń jẹ́ kobold ló ń bá àwọn ṣe jàǹbá nínú ilẹ̀: wọn a wa òkúta tó jọ ti fàdákà, wọn a yọ́ ọ nínú iná, èéfín olóró ló máa jáde, kò sí fàdákà kankan. Orúkọ iwin náà ló di cobalt, èyí tó wà nínú bátìrì fóònù yín lónìí, tí àwọn ènìyàn ń wà ní Kóńgò. Ní 1516, wọ́n rí fàdákà ní àfonífojì kan ní Bohemia tí wọ́n wá ń pè ní Joachimsthal. Owó fàdákà tí wọ́n ń rọ níbẹ̀ ni wọ́n ń pè ní thaler, thaler ló sì di dọ́là lẹ́nu àwọn tó ń náwó. Nítorí náà, ẹni tó ń béèrè iye tí dọ́là jẹ́ ní àárọ̀ yìí ń pe orúkọ àfonífojì àwọn awakùsà láìmọ̀.

Georgius Agricola ṣe dókítà ní Joachimsthal yìí, ìwé ńlá rẹ̀ lórí iṣẹ́ kùsà sì jáde ní 1556, ọdún kan lẹ́yìn tó kú. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ mọ bí ìjọba abẹ́ òkè ṣe ń rìn gan-an, ibẹ̀ ni kó lọ. Ó to àwọn olóyè kùsà: ọ̀gá òkè tó ń wọn ilẹ̀ fún ẹni tó kọ́kọ́ rí irin, akọ̀wé ìpín, ẹni tó ń gba ìdá ti ọba. Ìpín 128 ni wọ́n sábà máa ń pín ihò kan sí, ẹni tó bá sì ní ìpín níbẹ̀ gbọ́dọ̀ máa dáwó ní àkókò tí ihò náà kò mú nǹkan jáde, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìpín rẹ̀ a bọ́. Wákàtí méje-méje ni wọ́n ń ṣiṣẹ́, àwọn tó bá sì wà lẹ́nu iṣẹ́ lóru a máa kọrin kí oorun má bàa gbé wọn lọ. Mo dúró lórí orin yẹn fún ìgbà pípẹ́, nítorí mo rántí àwọn ìyá tó máa ń gúnyán níléèyá mi nígbà ìnáwó, bí orin wọn ṣe máa ń bá odó rìn. Ẹ dárí jì mí, mo ti yà kúrò lọ́nà.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ rí nìyí. Ọba tó ni ilẹ̀ ń gba ìdá kan nínú mẹ́wàá ohun tí wọ́n bá wà. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá fi owó ara rẹ̀ gbẹ́ ihò gígùn láti ẹsẹ̀ òkè wọ abẹ́ àwọn kùsà, tí omi fi ń ṣàn jáde, tí atẹ́gùn fi ń wọlé, ìdá kan nínú mẹ́sàn-án ni ẹni náà ní ẹ̀tọ́ sí lọ́wọ́ àwọn tí ihò rẹ̀ gbà lọ́wọ́ omi. Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀. Ẹni tó mú atẹ́gùn wá ń gbà ju ọba lọ. Àwọn awakùsà yẹn kì í ṣe ọlọ̀tẹ̀, wọn kò sì kórìíra ọba. Wọ́n kàn mọ̀ pé ènìyàn lè wa fàdákà láìsí ọba fún ọdún kan gbáko, kò sì lè wà á láìsí atẹ́gùn fún ìdajì wákàtí.

Mo wò ó bóyá ìlú kan wà tó gbé inú ilẹ̀ pátápátá láìní ohunkóhun ṣe pẹ̀lú ìta. Èyí tó sún mọ́ ọn jù tí mo mọ̀ ni Derinkuyu ní Tọ́kì, tí wọ́n tún ṣàwárí ní 1963: ìlú alájà púpọ̀ tí wọ́n gbẹ́ sínú àpáta, tó jìn tó nǹkan bí mítà 85, tó ní ilé ẹran, àká, ṣọ́ọ̀ṣì, kànga àti ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé. Òkúta roboto ńlá, bí ọlọ, ni ilẹ̀kùn wọn, inú nìkan ni wọ́n sì ti lè yí i dí ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ibi ìsádi ni, kì í ṣe ibùgbé títí ayé. Orí ilẹ̀ ni oko wọn wà. Bí ogun bá ti kọjá, wọn a yí òkúta náà padà, wọn a gòkè lọ wo ohun tó kù nínú ọkà wọn.

Mo ya ojú ewé mẹ́rin àkọ́kọ́ yẹn, mo sì tún òfin Abẹ́-Àpáta kọ. Ọba wà níbẹ̀ síbẹ̀, pẹ̀lú irùngbọ̀n rẹ̀. Àmọ́ àwọn mẹ́ta kan wà tí kò lè yọ nípò: Ọ̀gá Atẹ́gùn, tó ń bójú tó gbogbo ihò tí afẹ́fẹ́ àti omi ń gbà, Ìyálóde Ẹnubodè, tó ń bá àwọn àgbẹ̀ ìsàlẹ̀ ná ọjà, tó sì gbọ́ èdè wọn, àti Akápò Àká, tó ń ka àgbàdo. Ọba kò gbọ́dọ̀ ti ẹnubodè kọjá ọjọ́ kan láìjẹ́ pé méjì nínú àwọn mẹ́ta yìí fọwọ́ sí i. Ní gbogbo ọjọ́ ọjà, Akápò gbọ́dọ̀ dìde ní gbọ̀ngàn, kó sọ iye ọjọ́ tí oúnjẹ kù sí létí gbogbo ìlú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹni tó béèrè. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kà á, kò bi mí ní ìbéèrè kankan, ó kàn ní, “Àǹtí, ẹ̀yin ni yóò ṣe Akápò.”

Báyìí ni mo ṣe di ẹni tó ń ta ayò pẹ̀lú àwọn ọmọ tí mo lè bí. Ní Sátidé tó kọjá, ọba, ìyẹn ọ̀rẹ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń kẹ́kọ̀ọ́ òfin, bínú sí àwọn àgbẹ̀ ìsàlẹ̀ nítorí pé wọ́n fi owó lé àgbàdo, ó sì pàṣẹ pé kí wọ́n ti ẹnubodè títí wọn yóò fi wá bẹ òun. Mo dìde ní gbọ̀ngàn, mo sọ fún un pé oúnjẹ ọjọ́ 19 ló kù nínú àká. Ó ní Kábíyèsí kì í ka àgbàdo. Ìyálóde Ẹnubodè gbè mí, Ọ̀gá Atẹ́gùn sì gbè é, nítorí pé ọba ti ṣèlérí àáké fàdákà fún un. Ó wá di ọwọ́ dáìsì: bí mo bá ju 12 sókè, ìlú yóò gbọ́ tèmi. Mo jù ú. Ẹ̀ta ni.

Wọ́n ti ẹnubodè. Gbogbo wọn ń pariwo, ọba ń fi ọwọ́ pa irùngbọ̀n tí kò ní, ó sì na ọwọ́ kejì sí abọ́ gúgúrú. Mo fa abọ́ náà sọ́dọ̀ mi, mo fi ọmọrí bò ó, mo sì ṣí ìwé àjákọ mi sí ojú ewé tuntun, mo kọ 18 sí i.